Mísì Róbótó àti Kéèkì Ìsìpẹ́kítọ̀

Bí ẹ bá rí ọmọbìnrin gíga kan tó ń yára rìn lójú títì Aké ní Abẹ́òkúta láàárọ̀, tó gbé kọ́ńpáàsì onígi ńlá lé èjìká bí ẹni tó gbé ọkọ́ lọ sóko, ẹ má wulẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Lydia Ṣóbándé ni. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan tí kò tóbi, ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ló ti ń kọ́ kíláàsì kẹfà, ìṣirò sì ni ohun tó fẹ́ràn jù láyé lẹ́yìn ìyá rẹ̀ àti mọ́ínmọ́ín. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní Mísì Róbótó lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó rí róbótó tí kò ní dúró wò: ìdérí ìkòkò, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ọmọrí odó, ohunkóhun ṣáá. Ó ń gbọ́ orúkọ náà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìtòkú ni wọ́n bí i sí, nílé aláró. Ìyá rẹ̀ a máa fi ìko di aṣọ àdìrẹ, yóò di í ní kókó kókó, bí wọ́n bá sì tú u lẹ́yìn tó bá ti kúrò nínú aró, róbótó funfun á yọ lára aṣọ náà, ńlá pẹ̀lú kékeré. Nígbà tí Lydia kò tíì ju ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ iyọ̀ lọ, ó bi ìyá rẹ̀ pé èwo ló gba ibi púpọ̀ jù lára aṣọ, ṣé róbótó ńlá kan ni tàbí kékeré mẹ́rin tó yí i ká. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ pọnmi. Ó pọnmi dé, ó tún bèèrè. Ọmọ tó bá ń bèèrè irú ìyẹn kò wúlò nídìí aró, nítorí náà bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olùkà Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì fi í sílé ìwé, ó sì kàwé títí tó fi di olùkọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí. Kò dẹ́kun bíbèèrè láti ìgbà náà.

Ọdún 1949 là ń wí yìí. Mánéjà ilé ìwé náà ni Àlùfáà Olúmidé, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó sì máa ń bẹ̀rù gbogbo ohun tí kò bá tíì ṣẹlẹ̀ rí. Láti ìgbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti kóra jọ nítorí owó orí, tí wọ́n sì kọ̀ láti padà sílé títí ìlú fi gbọ́ ohùn wọn, Àlùfáà ti ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo obìnrin tó bá ti ń bèèrè ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tó tún wá mọ bí wọ́n ṣe ń wọn inú róbótó, ta ló mọ ibi tó máa já sí?

Ó pe Lydia sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní kó jókòó.

"Mísì Ṣóbándé," ó ní, "àwọn òbí ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń fi okùn ya ilẹ̀ ní àgbàlá. Wọ́n ní kí ni ọmọbìnrin fẹ́ fi jọ́métìrì ṣe nínú ilé ọkọ?"

"Àlùfáà, ohun tí ọmọkùnrin ń fi ṣe náà ni," Lydia dá a lóhùn.

"Kí ni ọmọkùnrin ń fi ṣe?"

Lydia ronú díẹ̀. Ká sọ òótọ́, kò rántí ọkùnrin kan tó ń fi í ṣe nǹkan kan ní gbogbo Abẹ́òkúta. "Wọ́n ń fi yege ìdánwò ni, sà," ó ní.

Àlùfáà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó wá là á yé e. Ìsìpẹ́kítọ̀ ìjọba ń bọ̀ wá wo ilé ìwé kí wọ́n tó gba ìsinmi Àjíǹde. Bí àwọn ọmọ bá ṣe dáadáa nínú jọ́métìrì lójú ìsìpẹ́kítọ̀, kí Lydia máa kọ́ wọn lọ. Bí wọn kò bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni yóò gba àkókò náà, Lydia á sì lọ máa kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní "A, B, D". Ó tún fi kún un pé kó má ṣe wulẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń pè ní sẹ́gímẹ́ǹtì. Ìyẹn le jù fún orí ọmọbìnrin.

Lydia dìde, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé ìwé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i, ó fi ẹsẹ̀ gbá ògiri. Ẹsẹ̀ náà dùn ún títí di alẹ́. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọmọ kéékèèké, ó fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gba jọ́métìrì lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ni, ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé kò sí olùkọ́ mìíràn nílé ìwé náà tó máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí. Ó kà á sí ìwà ìkà. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lálẹ́, ìyá rẹ̀ sì fi oríkì pè é, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, jẹun ná."

Láti ọjọ́ kejì ló ti múra síṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó kan èèkàn mọ́ àárín àgbàlá, ó so okùn mọ́ ọn, ó ní kí ọmọ kan fa okùn náà le gbọnyingbọnyin, kó máa fi igi ya ilẹ̀ títí tó fi máa yí po. Okùn yẹn ni rédíọ́sì. Ó wá ní kí àwọn ọmọ méjì dúró sétí róbótó náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fa ìlà tirẹ̀ wá sí ìdí èèkàn. Ibi tó wà láàárín ìlà méjèèjì, tó mú ṣóńṣó nídìí èèkàn tó sì fẹ̀ létí, ìyẹn ni sẹ́kítọ̀. Láti mọ bó ṣe fẹ̀ tó, wọn á kọ́kọ́ wá bí odindi róbótó ṣe fẹ̀ tó, wọn á wá wo igun tó wà nídìí èèkàn, bóyá ìdá mẹ́rin ni tàbí ìdá mẹ́ta, wọn á sì mú ìdá náà nínú odindi. Àwọn ọmọ ń jó lórí iyanrìn náà. Ẹni tó bá ṣì í, inú sẹ́kítọ̀ tó kéré jù ni yóò dúró sí lórí ẹsẹ̀ kan títí aago á fi lù.

Sẹ́gímẹ́ǹtì tí wọ́n ní kó má dé ńkọ́? Ó dé ibẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn kíláàsì kó tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ya róbótó sójú pátákó, ó fa ìlà kan gbọọrọ láti etí kan sí etí kejì láìgba àárín kọjá, ó ní, "Ẹ wò ó. Bí ìgbà tí ẹ fi ọ̀bẹ gé etí iṣu bíbó tí ẹ gé ní róbótó pẹlẹbẹ ni. Èyí tó já bọ́ yẹn ni sẹ́gímẹ́ǹtì." Ó fi hàn wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá sẹ́kítọ̀, kí wọ́n yọ onígun mẹ́ta inú rẹ̀ kúrò, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń wá. Ìdajì kíláàsì kò gbọ́ nǹkan kan. Ìdajì yòókù ní àwọn gbọ́, Lydia kò sì gbà wọ́n gbọ́ tán.

Ẹnì kan ló dá a lójú pé ó gbọ́. Bùsírátù ni, ọmọ Sàlàhúdíìnì tó ń ta aṣọ ní Òwu. Ọmọ tín-ínrín ni, tó máa ń de gèlè kékeré mọ́rí, tí kì í jẹ́ kí olùkọ́ sọ̀rọ̀ tán. "Mísì, bí okùn bá já ńkọ́?" "Mísì, bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú ńkọ́?" Ní ọjọ́ mìíràn Lydia á fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì sọ̀kò lù ú. Ní ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, bó bá gbọ́ ohùn ọmọ náà, ara rẹ̀ á yá gágá, nítorí ó mọ ọmọ kan tó máa ń bèèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nídìí aró láyé àtijọ́.

Ọjọ́ ìsìpẹ́kítọ̀ pé. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin dúdú tó sanra, tó wọ kóòtù funfun, tí ojú rẹ̀ le koko bí ẹni tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé, ó gbọ́ orin, ó wo èékánná wọn, kò yin ẹnikẹ́ni. Ó wá ní kí Lydia lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlùfáà Olúmidé, kó má sì sọ̀rọ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sójú pátákó, ó sì kà á sókè ní Yorùbá kó lè yé wọn yékéyéké:

"Kéèkì róbótó kan wà, rédíọ́sì rẹ̀ jẹ́ íǹṣì méje. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta pín in. Báwo ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe fẹ̀ tó?"

Ọkàn Lydia balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ìbéèrè yìí kò le rárá. Odindi kéèkì náà á jẹ́ íǹṣì onígun mẹ́rin mẹ́rìnléláàádọ́jọ, wọn á pín in sọ́nà mẹ́ta, ó parí. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ náà tìfẹ́tìfẹ́ bí wọ́n ti tẹríba sórí síléètì, tí wọ́n ń kọ, tí wọ́n ń fi itọ́ pa á rẹ́, tí wọ́n tún ń kọ. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe é ní kàyéfì ni pé wọ́n ń pẹ́. Tẹjúmádé, ọmọ tó jókòó níwájú, ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ń mi orí bí ìyá àgbà tó ń parí ìjà.

Ìsìpẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká. Ó wo síléètì àkọ́kọ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa igi méjì kọjá ara wọn lé e lórí: kò gbà á. Ó wo èkejì, kò gbà á. Ẹ̀kẹta, kò gbà á. Bó ti ń lọ ni ojú rẹ̀ ń le sí i, nígbà tó sì dé ọ̀dọ̀ Bùsírátù, ó wo síléètì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fa igi náà gàdàgbà gàdàgbà. Ọmọ kan ṣoṣo ló gbà, Harriet, ọmọ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣirò rárá.

"Àlùfáà," ìsìpẹ́kítọ̀ ní, "ẹnì kan péré. Ẹnì kan péré ló mọ ọ́n nínú gbogbo wọn."

Àlùfáà Olúmidé tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó wo Lydia bí ẹni tó ń sọ pé, "Ṣé o rí i?"

Lydia ti ń rí i lọ́kàn bí wọ́n ṣe ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú wọ kíláàsì náà. Ó gbàgbé pé wọ́n ní kó má kúrò lójú kan. Ó rìn lọ síwájú, ó gba síléètì Tẹjúmádé, ó fẹ́ mọ irú àṣìṣe tó lè ba odindi kíláàsì jẹ́ lójú kan náà. Ọmọ náà ti fún ẹni kìíní ní ìdajì kéèkì, mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó fún ẹnì kejì ní ìdá mẹ́ta, ó fún ẹnì kẹta ní ìyókù tó jẹ́ ìdá mẹ́fà. Lydia ṣe ìṣirò wọn pọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Mẹ́rìnléláàádọ́jọ ni, kò lé, kò dín. Ó gba síléètì ẹlòmíràn. Ìpín ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ẹni kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ kó kéèkì tán, síbẹ̀ mẹ́rìnléláàádọ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Ó gba òmíràn. Bákan náà ni.

Ó yé e lójijì, ẹ̀rín sì pa á. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà gba ihò imú jáde. Àlùfáà rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

"Sà," ó ní, "ẹ forí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi pín in bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ kọjú sí Tẹjúmádé. "Ìwọ, kí ló dé tí o fún ẹni kìíní ní ìdajì?"

Tẹjúmádé dìde. "Ẹ̀gbọ́n ni, sà."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni. Ta ló ní kí tirẹ̀ pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ?"

Ọmọ náà wo ojú olùkọ́ rẹ̀, ó wo ojú Àlùfáà, ó ń wá ẹni tó máa bá a gba àgbà ńlá yìí nímọ̀ràn. "Sà," ó ní nígbẹ̀yìn, "ṣé nílé tiyín, tẹ̀gbọ́n àti tàbúrò máa ń dọ́gba ni?"

Ìsìpẹ́kítọ̀ kọjú sí Harriet. "Ìwọ tí o pín in dọ́gba ńkọ́?"

"Sà, ìbejì ni èmi àti Kẹ́hìndé," Harriet ní. "Bí wọ́n bá fún ẹnì kan ní tó pọ̀ jù, ìyá wa á ní wọ́n fẹ́ pa òun lọ́mọ. Mo wá fi ìkan kún un fún Ìdòwú."

Ẹ̀rín bú jáde láti gbogbo ìjókòó. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó padà sí síléètì àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò wọn pọ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó ṣe tibí, ó ṣe tọ̀hún. Lẹ́yìn síléètì mélòó kan, ó yọ áńkáṣífù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn igi tó fà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tún dé ọ̀dọ̀ Bùsírátù, ó dúró.

"Ó dáa," ó ní, "tìrẹ yìí kò ní àwáwí. Ọmọ mẹ́ta ni mo sọ. Ìpín mẹ́rin lo gé. Àkọ́kọ́ gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, mo gbà. Èkejì gba méjìdínlógójì ààbọ̀, mo gbà. Ẹ̀kẹta gba mẹ́rìnlélógún ààbọ̀. Kí wá ni ti mẹ́rìnlá tó wà létí yìí?"

"Ti àlejò ni, sà."

"Àlejò wo? Èmi kò dárúkọ àlejò."

"Bí àlejò bá yà ńkọ́, sà?" Bùsírátù ní. "Kéèkì ńlá báyìí! Bí wọ́n bá ń gé e lọ́wọ́, ẹnì kan á ṣáà dé. Kò dáa kó jókòó kó máa wò wá lẹ́nu. Mo wá pín ìdá mẹ́rin tó kẹ́yìn sí méjì. Mo fún àbúrò ní onígun mẹ́ta inú rẹ̀, mo gé ti etí sílẹ̀ fún àlejò. Sẹ́gímẹ́ǹtì ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀yin náà ṣáà yà wá lónìí, sà."

Àlùfáà Olúmidé ta gìrì. "Sẹ́gímẹ́ǹtì kẹ̀? Mo ní kí ẹ fi ìyẹn sílẹ̀!"

Ìsìpẹ́kítọ̀ ti jókòó sórí ìjókòó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ìjókòó náà ń ké, ó ń ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀ létí síléètì. Méjìdínlógójì ààbọ̀, yọ mẹ́rìnlélógún ààbọ̀ kúrò. Mẹ́rìnlá. Ó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi tó mi ikùn rẹ̀ tìtì tí omi sì jáde lójú rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń wò ó tẹ̀rùtẹ̀rù nítorí wọn kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ìbínú ni.

Ó pe Àlùfáà àti Lydia jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìbéèrè mi ni kò pé," ó ní. "Mo ti bi í ní ilé ìwé àwọn ọmọkùnrin káàkiri ìgbèríko yìí, gbogbo wọn ló pín in dọ́gba, torí pé olùkọ́ wọn ti há a sí wọn lórí bẹ́ẹ̀. Sẹ́gímẹ́ǹtì kẹ̀? N kò tíì rí ọmọ kan tó dédé fà á yọ láìjẹ́ pé mo bèèrè." Ó kọjú sí Lydia. "Mísì, ta ló kọ́ yín níṣẹ́?"

Kí Lydia tó dáhùn, ó ti kọjú sí Àlùfáà.

"Àlùfáà, ẹ jẹ́ kó máa kọ́ wọn lọ. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, kí kíláàsì karùn-ún náà bẹ̀rẹ̀. Màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn mi."

"Ohun tí èmi náà ti ń rò láti ọjọ́ yìí nìyẹn," Àlùfáà Olúmidé ní, kò sì rẹ́rìn-ín rárá. Ó tún yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ fún Lydia wúyẹ́wúyẹ́ pé bó bá ráyè, kó wá fi sẹ́gímẹ́ǹtì náà han òun.

Ọkùnrin méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé Àlùfáà láti mu tíì. Lydia ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Ó ti múra láti sọ̀rọ̀ ìyìn fún àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n bó ti rí wọn tí wọ́n tò kalẹ̀ lórí ìjókòó, tí ojú gbogbo wọn wà lára rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀kì kún imú wọn, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìyìn náà. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lábẹ́ pátákó, ó bú sẹ́kún. Ẹkún ayọ̀ ni, ó kàn ń tú jáde ni, kò sì lè dá a dúró.

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn lójú. Wọ́n rántí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn, pé àwọn àgbà sọ̀rọ̀ níta, pé ìsìpẹ́kítọ̀ lọ láìdágbére. Wọ́n rò pé ó ti tán fún àwọn. Harriet ló kọ́kọ́ ké, Tẹjúmádé tẹ̀ lé e, kí Lydia tó gbójú sókè, gbogbo kíláàsì ti gbé e lóhùn tòò, wọ́n ń sunkún bí ilé tí wọ́n ti kéde òkú. Ó ń juwọ́ sí wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé ó ń sọ pé ó dìgbóṣe.

Bùsírátù dìde láàárín wọn. Ó ti fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú. Ó rìn lọ síwájú, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ó sì fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ olùkọ́ rẹ̀.

"Mísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún mọ́," ó ní. "Bí wọ́n bá tún gbé kéèkì wá, a ó pín in dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n á ṣe sùúrù."